Ẹ Ya Fọ́tò Rẹ̀, Ẹ Fi Gbòǹgbò Rẹ̀ Sílẹ̀: Ọ̀rọ̀ Nípa Ewé Ajẹkòkòrò àti Òdòdó Ọ́kíìdì Inú Fàdámà Wa

   

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí lè ya àwọn kan lẹ́nu. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò jókòó sí àga níwájú nígbà àríyá. Ọ̀rọ̀ ewéko ni, ewéko inú àbàtà. Ẹ fara balẹ̀ kà á dópin kí ẹ tó sọ pé irú ọ̀rọ̀ wo lèyí.

Ta ni nínú wa tí kò tíì ṣe àmín sí àdúrà ojú oró àti òṣíbàtà rí? Níbi ìsọmọlórúkọ, níbi ìṣílé, níbi tí wọ́n bá ti ń fi ẹni jẹ oyè, a máa ń dárúkọ àwọn ewé méjèèjì yìí nítorí pé òkè omi ni wọ́n ń gbé, omi kì í bò wọ́n mọ́lẹ̀. Àwọn baba wa ní láti wo omi dáadáa, kí wọ́n sì mọ ohun tó ń hù nínú rẹ̀, kí wọ́n tó lè fi ṣe àdúrà. Ṣùgbọ́n ẹ bi ọmọ tí wọ́n bí sí Jos, tó dàgbà sí Jos, pé kí ló ń hù nínú fàdámà tó wà lẹ́yìn ilé wọn. Yóò ní koríko ni. Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ohun tó wà níbẹ̀ kì í ṣe koríko lásán. Ewé kan wà níbẹ̀ tó ń pa kòkòrò jẹ. Òdòdó kan wà níbẹ̀ tí àwọn èèyàn ilẹ̀ òkèèrè ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ wo irú rẹ̀. Fàdámà tó gba méjèèjì sílé sì ń dín kù lójoojúmọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi ń pe àwọn ọ̀dọ́ wa tó ní kámẹ́rà àti fóònù lọ́wọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe kò ju pé kí wọ́n lọ ya àwọn ewéko yìí ní fọ́tò, kí wọ́n kọ ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti rí wọn sílẹ̀, kí wọ́n má sì fa ẹyọ kan tu.

EWÉ TÓ Ń PA KÒKÒRÒ JẸ

Gbogbo wa la mọ patanmọ́. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, a máa ń fọwọ́ kàn án kó lè pa ojú dé. Nítorí náà, kò yẹ kó ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti gbà pé ewé lè mira. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ààbò ni patanmọ́ ń wá tó fi ń padé, oúnjẹ ni èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ń wá.

Àkọ́kọ́ ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Drosera. Oríṣi rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Drosera indica wà lára àwọn tó ń hù ní Nàìjíríà. Ewéko kékeré ni, ewé rẹ̀ tín-ínrín bí okùn. Lára ewé náà ni irun wẹ́wẹ́ pọ̀ sí, irun náà a máa pọ́n, orí irun kọ̀ọ̀kan sì ní ẹ̀kán omi kan tó ń dán bí ìrì òwúrọ̀. Àmọ́ kì í ṣe ìrì. Oòrùn ọ̀sán kì í gbá a gbẹ, ó sì lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ bí àtè tí àwọn ọmọdé fi ń mú ẹyẹ. Kòkòrò tó bá rí i yóò rò pé oyin ni, yóò bà lé e, ó parí. Bó ṣe ń jà ràpà láti bọ́ ni irun mìíràn yóò máa tẹ̀ bọ̀ wá dì í mú. Ewé náà yóò wá tú omi kan jáde tó ń yọ́ ara kòkòrò náà, bí inú tiwa ṣe ń lọ oúnjẹ, yóò sì fa ohun tó wúlò níbẹ̀ mu. Èèpo gbígbẹ ni yóò ṣẹ́ kù.

Èkejì ni Utricularia. Oríṣi rẹ̀ ju 200 lọ káàkiri ayé, ó sì pọ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Èyí kò ní gbòǹgbò rárá. Àwọn kan nínú wọn ń gbé inú iyẹ̀pẹ̀ tútù àti lórí àpáta tí omi ń sun lára rẹ̀. Àwọn mìíràn ń léfòó nínú omi tó dúró sójú kan, bíi Utricularia stellaris tí òdòdó rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú bí ẹyin adìyẹ, tí ẹ lè bá láàárín ojú oró gan-an. Ohun tí ẹ ó rí lókè ni òdòdó mínímíní lórí igi tó tín-ínrín bí òwú. Ìsàlẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Nísàlẹ̀ yẹn, ó ní àpò wẹ́wẹ́ púpọ̀, èyí tó tóbi kò ju orí abẹ́rẹ́ tàbí hóró ọkà bàbà lọ. Ewéko náà á ti fa omi inú àpò jáde, ẹ̀gbẹ́ àpò yóò wọnú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tó ń fa ọtí. Bí kòkòrò inú omi bá fara kan irun tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn àpò náà, ilẹ̀kùn yóò ṣí, omi àti kòkòrò yóò rọ́ wọlé, ilẹ̀kùn yóò sì padà tì. Bí ẹ bá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, ìdá kan péré kò ní í parí kí ilẹ̀kùn náà tó ṣí. Ojú èèyàn kò lè rí i. Láàárín gbogbo ewéko, díẹ̀ ló yára tó o.

Kí ló dé tí ewé fi ń jẹ ẹran? Ebi ni. Ilẹ̀ àbàtà tí omi ń ṣàn gba orí rẹ̀ nígbà gbogbo kì í ní ọ̀rá, omi ti fọ ajílẹ̀ inú rẹ̀ lọ. Ewé tí kò rí oúnjẹ jẹ nínú ilẹ̀ ló wá a lójú òfuurufú. Charles Darwin, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé kan jáde lọ́dún 1875 lórí irú àwọn ewéko wọ̀nyí. Ó fún Drosera ní ẹran tútù àti ẹyin, ewé náà gbá wọn mú, ó sì jẹ wọ́n. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí kò lọ́ràá yìí dúró lọ́kàn yín, nítorí mo ṣì ń padà bọ̀ lórí rẹ̀.

ÒDÒDÓ TÍ WỌ́N Ń PÈ NÍ Ọ́KÍÌDÌ

Ìdílé ọ́kíìdì gbòòrò púpọ̀. Oríṣi rẹ̀ tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà 28 káàkiri ayé. Èyí tí wọ́n ń tà nínú ìkòkò ní Abuja àti Lagos, ilé ìtọ́jú òdòdó ni wọ́n ti gbìn ín. Àmọ́ Nàìjíríà ní tirẹ̀ nínú igbó, débi pé ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Segerbäck kọ odidi ìwé lórí ọ́kíìdì Nàìjíríà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1983.

Àwọn kan ń gbé lórí igi bí àfòmọ́, àmọ́ wọn kì í fa oje igi náà mu bí àfòmọ́ ṣe ń ṣe, wọ́n kàn fi í ṣe ibùjókòó ni. Àwọn tó ń hù nílẹ̀ ni tiwa lónìí. Eulophia cucullata wà níbẹ̀, òdòdó rẹ̀ tóbi, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti òdòdó ọ̀dùnkún. Eulophia angolensis fẹ́ràn ilẹ̀ tútù gan-an, ó lè ga tó ọmọ ọdún márùn-ún, òdòdó rẹ̀ a máa pọ́n bí àwọ̀ ìyeyè, àwọ̀ ilẹ̀ sì máa ń wà lára rẹ̀. Habenaria náà wà, òdòdó tirẹ̀ funfun tàbí kó dúdú bí ewé, ó ní ìrù gígùn kan lẹ́yìn tí oyin wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àfòpiná tí ẹnu rẹ̀ gùn nìkan ló lè fa oyin yẹn dé ìsàlẹ̀. Bó bá ṣe ń fà á ni ìyẹ̀fun òdòdó náà yóò lẹ̀ mọ́ ọn lójú tàbí lẹ́nu, yóò sì gbé e lọ bá òdòdó kejì.

Ohun tó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wu ọ́kíìdì lọ sí ọgbà rẹ̀ mọ̀ rèé. Èso ọ́kíìdì kékeré bí eruku ni, ẹyọ pódi kan lè ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú. Ṣùgbọ́n eruku yẹn kò gbé oúnjẹ kankan dání bí hóró àgbàdo tàbí ẹ̀wà ṣe ń gbé tirẹ̀. Kò lè hù àfi bó bá bọ́ síbi tí oríṣi ẹbí olú kan wà nínú ilẹ̀, tí olú yẹn yóò máa bọ́ ọ. Olú yìí ò ṣeé rí lójú, ilẹ̀ ibẹ̀ nìkan ló sì mọ ọ́n. Bí ẹ bá wu ọ́kíìdì kúrò ní fàdámà, tí ẹ lọ gbìn ín síwájú ilé, ẹ ti mú ọmọ, ẹ ti fi ìyá sílẹ̀. Ó lè rú ewé fún sáà kan nítorí oúnjẹ tó ti kó pamọ́ sínú isu rẹ̀. Lẹ́yìn náà, yóò rọ. Ibi tí ẹ ti wu ú yóò di òfìfo, iwájú ilé yín náà yóò di òfìfo.

Ẹ fi òfin kún un. Gbogbo ọ́kíìdì pátá ló wà nínú ìwé àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní CITES, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní Washington lọ́dún 1973. Nàìjíríà wọ̀ ọ́ lọ́dún 1974. Ẹni tó bá wu ọ́kíìdì inú igbó, tó gbé e gba pápákọ̀ òfuurufú lọ láìgba ìwé àṣẹ, ẹjọ́ ló ń wá.

KÍ LÓ Ń PA FÀDÁMÀ

Àwọn àgbà yóò bi mí pé, ṣé òdòdó la ó jẹ? Ìbéèrè gidi ni. Fàdámà ló ń fún wa ní kábéèjì, káróòtì, tòmátì àti ànàmọ́ òyìnbó tí àwọn oníṣòwò wa ń kó lọ sí Ìbàdàn àti Lagos. Inú irú ilẹ̀ yìí náà ni àwọn ará ilé ti ń dá àkùrọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó bá ní kí wọ́n má dáko níbẹ̀ mọ́, ebi kò pa á rí ni. N kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo ń sọ ni pé oko nìkan kọ́ ló ń jẹ fàdámà. Wọ́n ń da ìdọ̀tí sí i, wọ́n ń kó iyanrìn rẹ̀ lọ mọ búlọ́ọ̀kù, wọ́n ń fi iyẹ̀pẹ̀ dí i kí wọ́n lè kọ́lé sí i. Bí òjò bá wá dé, omi tó ti máa ń sinmi níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ yóò wọ yàrá lọ bá onílé. Káàkiri ayé, láàárín ọdún 1970 sí 2015, nǹkan bí ìdá 35 nínú 100 ilẹ̀ àbàtà ló ti lọ.

Ibi tí mo ti fẹ́ padà sórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí kò lọ́ràá náà nìyí. Ajílẹ̀ òyìnbó tí wọ́n ń dà sí oko kì í dúró sí oko. Òjò a máa fọ̀ ọ́ lọ sínú àbàtà. Ẹ ó rò pé oore ló ṣe fún ewé tí ebi ń pa. Rárá. Bí ilẹ̀ bá ti lọ́ràá, èèsún àti koríko gíga yóò yára hù, wọn yóò bo Drosera mọ́lẹ̀, kò ní í rí oòrùn, yóò kú. Ilẹ̀ òṣì ló ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbé, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló ń pa á. Nítorí náà, bí àgbẹ̀ bá fi etí àbàtà sílẹ̀ bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá láìro, láìda nǹkan sí i, ohun tó pọ̀ ló ti gbà là, oko rẹ̀ kò sì pàdánù nǹkan púpọ̀.

IṢẸ́ TÍ FỌ́TÒ Ń ṢE

Ewé kò lè lọ sí kóòtù. Bí wọ́n bá dí àbàtà kan lónìí, tí ẹnì kan sọ lọ́la pé ohun rere ti wà níbẹ̀ rí, ẹ̀rí wo ni yóò mú wá? Fọ́tò tó ní ọjọ́, tó sì ní orúkọ ibi tí wọ́n ti yà á, ẹ̀rí ni. Bí èèyàn kan náà bá ń lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún, tó ń yà á láti ibi kan náà, yóò mọ̀ bóyá wọ́n ń pọ̀ sí i tàbí wọ́n ń dín kù. Kò nílò yunifásítì kó tó lè ṣe ìyẹn.

Ẹ̀rọ kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ iNaturalist, wọ́n dá a sílẹ̀ lọ́dún 2008, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ó gbé fọ́tò yín síbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti yà á, àwọn tó mọ ewéko káàkiri ayé yóò bá yín dá orúkọ rẹ̀ mọ̀. Àwọn onímọ̀ a máa lo ohun tó bá wà níbẹ̀ fún iṣẹ́ wọn. Nàìjíríà náà wọ àdéhùn Ramsar, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní ìlú Ramsar ní Iran ní ọjọ́ 2 oṣù kejì ọdún 1971 láti dáàbò bo ilẹ̀ àbàtà. Ọdún 2001 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ibi 11 ni Nàìjíríà ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, adágún Pandam àti ti Wase wà lára wọn láti ọdún 2008. Àwọn fàdámà kéékèèké tó wà lẹ́yìn ilé wa kò sí nínú ìwé kankan. Fọ́tò yín ni yóò kọ́kọ́ di ìwé wọn.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra o. Ẹ má ṣe kọ ojú ibi tí ọ́kíìdì tó ṣọ̀wọ́n wà gan-an sórí Facebook. Àwọn olè òdòdó wà láyé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oríṣi ọ́kíìdì kan wà tí òdòdó rẹ̀ rí bíi bàtà, àwọn èèyàn wu ú títí wọ́n fi kéde lọ́dún 1917 pé ó ti tán pátápátá. Lọ́dún 1930 ni wọ́n rí ẹyọ kan ṣoṣo ní Yorkshire. Ńṣe ni wọ́n fi ibẹ̀ ṣe àṣírí fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí wọ́n ń ṣọ́ ọ. Ní North Carolina ní Amẹ́ríkà, ewé ajẹkòkòrò tí ẹnu rẹ̀ ń pa dé bíi pańpẹ́, tí ilé rẹ̀ ní gbogbo ayé kò ju agbègbè Wilmington àti àyíká rẹ̀ lọ, ni wọ́n ń jí wù nínú àbàtà títí ìjọba ibẹ̀ fi sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ ńlá tó lè gbéni dé ẹ̀wọ̀n, láti ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 2014. Lórí iNaturalist, ẹ lè ní kó fi ojú ibẹ̀ pamọ́. Ẹ kọ orúkọ àdúgbò fún aráyé, kí ẹ kọ ojú ibẹ̀ gan-an sínú ìwé tiyín.

BÍ Ẹ ṢE LÈ YÀ Á KÓ DÁA

Àwọn fọtogíráfà wa mọ bí wọ́n ṣe ń ya ìyàwó àti ọkọ. Ewéko yàtọ̀, kì í rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni kì í sọ pé kí ẹ tún un yà. Àwọn nǹkan tó yẹ kí ẹ mọ̀ nìyí.

Àsìkò: àwọn Eulophia kan máa ń tanná nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, Habenaria máa ń tanná láàárín òjò, Drosera àti Utricularia sì máa ń dára jù lọ láti ìdajì òjò títí ilẹ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Ẹ lọ ní òwúrọ̀ kùtù, láàárín aago méje sí mẹ́sàn-án. Oòrùn kò tíì le, atẹ́gùn kò tíì jí. Fún Drosera, ẹ dojú kọ oòrùn kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ẹ̀yìn ewé wá, àwọn ẹ̀kán omi yẹn yóò tàn bí ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ má lo fíláàṣì, ńṣe ni yóò pa dídán rẹ̀ run.

Ìdúró: ẹ wálẹ̀. Ẹni tó bá dúró lókè yà á, koríko ni yóò yà. Ẹ tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀, kí ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dùbúlẹ̀, kí ojú kámẹ́rà bá ojú òdòdó dọ́gba. Àmọ́ ẹ wo ilẹ̀ kí ẹ tó kúnlẹ̀, nítorí ibi tí ọ̀kan bá wà, ọmọ rẹ̀ lè wà lábẹ́ orúnkún yín.

Fóònù: ọ̀pọ̀ fóònù kì í rí nǹkan tó bá sún mọ́ ọn jù, yóò kàn ṣe bàìbàì ni. Ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀, ẹ tẹ ojú òdòdó náà lórí fóònù kó lè mọ ohun tó yẹ kó wò, ẹ yà á, lẹ́yìn náà kí ẹ wá gé etí fọ́tò náà. Ẹ lè ra dígí kékeré tí wọ́n ń há mọ́ ojú kámẹ́rà fóònù láti fi ya nǹkan tín-tìn-tín. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́, kí ẹnì kejì fi agbòòrùn dí i. Bí òdòdó bá wà lábẹ́ òjìji, kí ó fi bébà funfun da ìmọ́lẹ̀ sí i.

Ẹ̀rí: ẹ má ya òdòdó nìkan. Ẹ ya odidi ewéko, ẹ ya iwájú òdòdó, ẹ ya ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ìrù rẹ̀ lè hàn, ẹ ya ewé, ẹ ya àbàtà fúnra rẹ̀. Ẹ fi igi ìṣáná kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú ẹyọ fọ́tò kan kí aráyé lè mọ bó ṣe tóbi tó. Ẹ rí i pé ọjọ́ tó wà nínú kámẹ́rà yín pé.

Èèwọ̀: ẹ má já koríko ìtòsí kí fọ́tò lè mọ́, òun ni ààbò rẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn àti ewúrẹ́. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́, ẹ ya á, kí ẹ sì dá a padà. Ẹ má fi ìka kan ẹ̀kán omi Drosera, ẹ má sì mú kòkòrò fún un kí ẹ lè rí ìran wò.

Ara yín: ẹ má dá nìkan lọ. Ẹ wọ bàtà rọ́bà tó ga dé orúnkún nítorí ejò, àti nítorí pé omi tó dúró sójú kan lè ní àtọ̀sí ajá. Kòtò tí àwọn awakùsà tánńganran fi sílẹ̀ ní ilẹ̀ Jos kì í ṣe ibi eré, bèbè rẹ̀ ń já, ó sì jìn. Bí ìlú kò bá rọgbọ, ẹ dúró sílé. Òdòdó yóò tún tan lọ́dún tó ń bọ̀.

ILẸ̀ ONÍLẸ̀ NI

Ibi tí mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ fi etí sí jù lọ rèé. Rélùwéè, iṣẹ́ kùsà àti òwò ló kó ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa wá síbí, láti Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn ìlú mìíràn. A ti bímọ síbẹ̀, a ti sin òkú síbẹ̀. Síbẹ̀ náà, oko tí fàdámà wà, ó ní olówó rẹ̀. Àwọn Berom, Afizere, Anaguta, Ngas àti àwọn yòókù ni wọ́n mọ ààlà ibẹ̀. Gbogbo wa la sì mọ wàhálà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti dá sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ yìí.

Ẹ wá ro ó wò. Àgbẹ̀ kan jí ní òwúrọ̀, ó bá ọ̀dọ́kùnrin tí kò mọ̀ rí nínú oko rẹ̀, ó dùbúlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó gbé kámẹ́rà dání. Kí lẹ fẹ́ kó rò? Yóò rò pé ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ mọ́ òun lórí ló rán an, tàbí ìjọba, tàbí ohun tó burú ju ìyẹn lọ. Bí òun bá ṣe bẹ́ẹ̀ wá sí oko bàbá yín ní Ògbómọ̀ṣọ́, ohun kan náà lẹ ó rò.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, ilé olórí àdúgbò ni kí ẹ kọ́kọ́ dé. Ẹ kí i bí wọ́n ṣe ń kí àgbà ní èdè rẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ wá ṣe. Ẹ lọ bá olóko, ẹ ṣe bákan náà. Bí ó bá ní rárá, ẹ dúpẹ́, kí ẹ padà. Bí ó bá ní ẹ máa lọ, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yà á tán, ẹ fi fọ́tò náà hàn án. Ẹ pe àwọn ọmọ rẹ̀ kí wọ́n wá wò ó. Ẹ ó wá rí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ewé tí ó ti ń fi ọkọ́ ro dànù, nígbà tó bá rí i tó tóbi lójú fóònù tí kòkòrò há sí i lára, yóò pe ìyàwó rẹ̀.

Ẹ bi í pé kí ni wọ́n ń pe ewé náà ní èdè wọn, ṣé wọ́n ń fi ṣe nǹkan. Ẹ kọ orúkọ náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un wà nínú ìwé, kò lè sọnù. Orúkọ tí ìyá arúgbó kan ní abúlé mọ̀ lè bá a lọ sí sàréè. Bí àjèjì bá bi onílé ní orúkọ ewé ilẹ̀ rẹ̀, ó ti bọlá fún un. Ó sì ti fi hàn án pé kì í ṣe ilẹ̀ ni òun wá gbà. Mo gbà pé fọ́tò bẹ́ẹ̀, tí a tẹ̀ tí a sì gbé padà fún olóko kó gbé e kọ́ ara ògiri, lè ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ìpàdé àlàáfíà nínú gbọ̀ngàn kò lè ṣe.

OHUN TÍ MO Ń BẸ̀BẸ̀ FÚN

Àwọn fọtogíráfà wa mọ̀ pé iṣẹ́ kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Láti ìgbà tí kámẹ́rà ti wọ inú fóònù, oníkálukú ń ya ara rẹ̀. Ọjọ́ Sátidé nìkan ló kù fún iṣẹ́, tí àríyá bá wà. N kò ní tàn yín pé fọ́tò ewéko yóò sọ yín di olówó. Àmọ́ ọwọ́ tó bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń ya ohun tín-tìn-tín nínú ẹrẹ̀, nínú atẹ́gùn, kò sí iṣẹ́ fọ́tò tí kò ní lè ṣe.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ní òun ń lọ ya òdòdó ní fàdámà, ẹ má bú u pé ó ya ọ̀lẹ. Ẹ bi í pé ta ni yóò bá a lọ, ṣé ó sì ti gba àyè lọ́wọ́ onílẹ̀. Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kọ̀ọ̀kan, bí a bá ń ṣe ọjọ́ àṣà wa, ẹ jẹ́ kí a wá ààyè lára ògiri gbọ̀ngàn fún fọ́tò ewéko ilẹ̀ tí a ń gbé. Kí a kọ orúkọ rẹ̀ sí i ní Berom tàbí ní Ngas, kí a sì kọ àlàyé rẹ̀ sí i ní Yorùbá. Kí a pe onílẹ̀ wá wò ó.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ní oko létí omi, tàbí tí ẹ ń kọ́lé lọ́wọ́, ìṣísẹ̀ mẹ́wàá ni mo tọrọ. Ẹ má da ìdọ̀tí síbẹ̀, ẹ má da ajílẹ̀ síbẹ̀. Ohun tó kù níbẹ̀ kò pọ̀ mọ́.

Ire o.